Ọ̀rá Tó Kọ̀ Láti Dì

"Ó tún kọ̀," ni Wening wí. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú òun. "Danastri, wá wò ó. Ó ti tutù kọjá ibi tó yẹ kó dì, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣàn."

Danastri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, sún mọ́ ọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo sẹ́ẹ̀lì ara ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Kì í ṣe ọ̀rá gidi. Àwòrán rẹ̀ ni, tí àwọn méjèèjì fi ìṣirò gbé kalẹ̀ láti mọ ìgbà tó ń yọ́ àti ìgbà tó ń dì. Nígbà tí wọ́n mú un gbóná, ó yọ́ níbi tí ìwé wí gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n mú un tutù padà, kò dì níbẹ̀.

"Ọ̀la mà ni ìdíje sáyẹ́ǹsì," ni Danastri wí. "Jẹ́ ká fi ti ooru nìkan hàn wọ́n. Ta ló máa béèrè ti òtútù?"

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

"Irọ́ bíi ti báwo? Wọn ò bi wá, a ò sọ. Ning, àbí Malang níbí lo fẹ́ dàgbà sí ni? Ẹni tó bá gbégbá orókè ló ń lọ sí Jakarta o! Bí wàhálà bá dé, mo wà lẹ́yìn ẹ."

Ọkàn Wening kò balẹ̀, ṣùgbọ́n Jakarta ń wù ú. Ìyá rẹ̀ tó ń ta tempe, ìyẹn ẹ̀wà sóyà díndín, ti ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ òun ń rìnrìn àjò. Ó gbà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa apá òtútù náà rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn débi pé àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá Suryo, àgbà onímọ̀ tó jẹ́ adájọ́, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti mú un gbóná. Ṣé ẹ mú un tutù padà?"

Wening wo Danastri. Danastri ò wo ibi tó wà.

"A mú un tutù, sà," Danastri fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Wening ló ṣe apá yẹn. Nígbà tí kò bá ìwé mu, ó pa á rẹ́. Mo ní kò dáa, kò gbọ́."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, àṣé ata ló fi sẹ́nu! Danastri ní òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Àṣé kó lè ráyè tì í ni.

"Ṣé òótọ́ ni?" Ìyá Palupi, tíṣà wọn, bi í.

"Èmi ni mo pa á rẹ́, mà. Àmọ́ àwa méjèèjì la jọ gbà á."

"Irọ́ ni!" Danastri figbe ta. "O ti jìn sí kòtò, o wá fẹ́ fà mí mọ́ra!"

Bàbá Suryo mi orí. "Ohun tó dùn mí ni pé kò sí àṣìṣe nínú ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́. Téèyàn bá fi ìkánjú mú ọ̀rá tutù, ọ̀rá náà kì í ráyè to ara rẹ̀ padà kó lè dì níbi tó yẹ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín gan-an nìyẹn."

Wọ́n yọ iṣẹ́ wọn kúrò nínú ìdíje. Ní kíláàsì, Danastri ni wọ́n gbà gbọ́. "Ẹ má fi nǹkan sọ́dọ̀ Wening o," ni wọ́n ń wí, "ó máa pa á rẹ́!" Danastri sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Danastri dá Wening dúró lẹ́nu géètì. "Ning, má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Bàbá mi ì bá lù mí pa."

"Ó dáa. Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì."

Danastri wolẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ.

Wening ròyìn ohun gbogbo fún ìyá rẹ̀, kò fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pa mọ́. Ìyá náà yọ tempe kúrò nínú òróró. "O ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n sì dalẹ̀ ẹ. Ọ̀kan ò pa èkejì rẹ́. Jókòó, jẹun."

Wening jẹun, omijé ń bọ́ sínú àwo. Ká ní ó ti kọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀sùn wo ni Danastri ì bá fi kàn án? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi í sọ́kàn: ẹni tó bá yín dá oko irọ́ kò ní bá yín jẹ nínú ìkórè rẹ̀.