Ọta Ìbọn Tó Rin

"Rùkáyyàh, òjò ti ṣú o! Ṣé o ti kó ọta bàbá rẹ?" Ìyá rẹ̀ ló ń pariwo láti ilé ìdáná.

"Mo ti kó o, mà!" Rùkáyyàh dáhùn, kò gbé ojú kúrò lára fóònù.

Irọ́ ni. Sàlámì, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ ní Tápà, ti kìlọ̀ fún un kó tó lọ kírun Jímọ̀: "Mo sá èédú inú agolo yìí kó lè gbẹ, òun ló ń fa ọ̀rinrin kúrò lára ọta ìbọn. Mo kó ọta sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta. Bí òjò bá ṣú, di ọta sí náílọ̀n, dá èédú padà, kó o sì dé agolo náà pinpin. Omi ni ọ̀tá ẹ̀tù inú ọta."

Fíìmù tí Aliyyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kó dìde. Nígbà tó fi máa rántí, ọta ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àwo. Ó fi etí ìró nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó kó wọn sí agolo, ó dé e. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sí i, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ya wọ oko ẹ̀gẹ́ wọn láàárọ̀. Sàlámì fojú sun ún, ó fa ìbọn. Kẹ́! Kò dún. Ó pààrọ̀ ọta, kò dún síbẹ̀. Kó tó yẹra, ẹranko náà ti ya á nítan. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tó padà délé, ojú àwọn tó wá kí i ló ti fìbínú sọ pé, "Malachi ló fẹ́ pa mí! Òun ló bá mi ra ọta yẹn ní Igbó-Ọrà. Ayédèrú ló gbé fún mi!"

Ọ̀rẹ́ Sàlámì láti kékeré ni Malachi. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní Malachi kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ra nǹkan mọ́. Ní iléèwé, wọ́n ń pe Keturah ọmọ rẹ̀ ní "ọmọ oníjìbìtì". Bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti Rùkáyyàh ń jókòó sí.

"Ṣé ìwọ náà gbà pé bàbá mi lè ṣe é?" Keturah bi í.

"Mi ò mọ̀," ni Rùkáyyàh sọ. Ó fojú sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Malachi wá, ó dúró síta.

"Sàlámì, ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo kàn ní kí n wá kí ọ ni."

Sàlámì kọjú sí ògiri. Malachi yí padà, ó fẹ́ máa lọ. Bí Rùkáyyàh ṣe rí ẹ̀yìn rẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó kúnlẹ̀ lulẹ̀.

"Ẹ dúró, Bàbá Keturah! Èmi ni. Òjò ló pa ọta náà. Mo kàn nù ún gbẹ ni."

Bàbá rẹ̀ kò jágbe. "O sì ń gbọ́ nígbà tí mo ń bà á lórúkọ jẹ́?"

"Mo ń gbọ́, sà."

Sàlámì di ògiri mú, ó dìde lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n dì. Ó ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Malachi sáré gbá a mú, àwọn méjèèjì ń sunkún. Ká ní ilẹ̀ lanu, Rùkáyyàh ì bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ó sọ òtítọ́ níwájú ẹgbẹ́ ọdẹ, ó tún sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Keturah gbọ́, ó sì dárí jì í, ṣùgbọ́n ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí bẹ́ǹṣì mìíràn. Rùkáyyàh kò lè bínú sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Èyí tí a bá tètè jẹ́wọ́, ìbáwí ló máa ń mú wá. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀, ọrùn aláìṣẹ̀ ló máa ń já lé.