Agolo Ẹ̀wà Mẹ́ta Lójú Fèrèsé Màmúdù

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Màmúdù fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì fẹ́ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Fèrèsé kò ṣí. Bí ó ṣe fẹ́ fi agbára tì í, igbe ta lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ rọra! Ẹ ó da ẹ̀wà mi nù!" Muslimat ló ké.

"Tèmi náà wà níbẹ̀!" ni Abdulmumin sọ.

"Tèmi ló ga jù!" Jamilah, àbíkẹ́yìn wọn, ti gun àpótí kí ó lè rí i.

Agolo mílíìkì mẹ́ta ló tò sójú fèrèsé. Òwú tútù wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà sì ti yọrí láti inú òwú náà bí ẹni tó ń yọjú wo ìjà àdúgbò.

Télọ̀ ni Màmúdù ní àdúgbò Ọ̀rányàn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Jamilah wà ní kíláàsì kẹrin, Abdulmumin ní ìkarùn-ún, Muslimat ní ìkẹfà. Kúlúsúmù, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń bójú tó iṣẹ́ ilé ìwé wọn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Kúlúsúmù ti fi ayé sílẹ̀, Màmúdù ló kù tí yóò máa béèrè nípa rẹ̀. Kì í sì í béèrè púpọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ gbin ẹ̀wà?"

"Tíṣà mi ni!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo gbìn ín ní kíláàsì kẹrin, mo tún gbìn ín ní ìkarùn-ún," ni Muslimat fi ìgbéraga sọ. "Mo lè di ojú kí n gbìn ín, yóò sì hù."

"Ó dára, àgbẹ̀ àgbà," ni Màmúdù wí. Ó gbé búrẹ́dì tí ó rà ní Ọjà'ba jáde, ó sì mú ọ̀bẹ. "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, oṣù tó ń bọ̀ lo sì máa ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ìwé girama. Èwo ni kí n gé fún ọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, àbí ìdá kan nínú mẹ́jọ?"

Muslimat kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́jọ, Bàbá àgbà! Mẹ́jọ ló pọ̀ jù."

"Mẹ́jọ ni kí ẹ fún èmi náà!" ni Abdulmumin pariwo.

"Ẹ fún èmi ní ìdá kan nínú ogún!" Jamilah ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

Màmúdù gé e bí wọ́n ṣe fẹ́. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Jamilah kò ju ohun tí èèrà lè gbé sálọ. Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo búrẹ́dì ńlá tó kù níwájú bàbá àgbà, ó sì bú sẹ́kún.

Màmúdù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ọmọ tí yóò jókòó ṣe ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀ nìyí.

"Muslimat, ṣé wọn kò kọ́ yín ní ìdá ni?"

"Tíṣà wa ní wọ́n ti kọ́ wa ní ìkarùn-ún."

"Ṣé wọ́n kọ́ yín ní ìkarùn-ún?"

"Tíṣà ìkarùn-ún ní a ó kọ́ ọ tí a bá dé ìkẹfà."

"Olódo" ti dé ètè Màmúdù. Ó tún wo agolo mẹ́ta tó wà lójú fèrèsé, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ní ọjọ́ Ajé, ó to àwọn agolo náà sínú abọ́ ìfọṣọ, ó gbé e, ó dorí kọ ilé ìwé. Èjìdé, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, rí i.

"Bàbá télọ̀! Ṣé aṣọ ti tán nílẹ̀ tí ẹ fi ń kiri ẹ̀wà?"

"Ẹjọ́ ni mò ń gbé lọ, Èjìdé."

"Ẹjọ́ ta ni?"

"Ẹjọ́ ẹ̀wà."

Èjìdé pa àpótí rẹ̀ dé kíá. "Ẹjọ́ ẹ̀wà kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi." Ó tẹ̀ lé e.

Màdáàmù Rachel, ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ránṣẹ́ pe àwọn olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí Màmúdù tó la ẹnu, ojú wọn ti bọ́ sínú abọ́.

"Ẹ wo ewé!" ni Tíṣà Comfort ti kíláàsì kẹfà wí. "Tèmi nìyí."

"Ẹ fi ewé sílẹ̀, ẹ wo gbòǹgbò tèmi," ni Tíṣà Hezekiah ti ìkẹrin dáhùn.

Tíṣà Mojísọ́lá ti ìkarùn-ún yínmú. "Gbòǹgbò tó tẹ̀ yẹn? Ẹ kò bomi rin ín dáadáa ni."

Èjìdé pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú oko o, ẹ̀yin àgbẹ̀!"

Màmúdù kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin olùkọ́, mi ò wá jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ti kọ́ ọmọ mi bí ẹ̀wà ṣe ń hù. Ẹ ṣeun. Ta ló kọ́ ọ ní ìdá?"



"Mo rò pé wọ́n ti kọ́ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi," ni Tíṣà Comfort sọ.

"Ìparí táàmù kẹta ló bọ́ sí," ni Tíṣà Mojísọ́lá wí. "Eré ìdárayá gba ọjọ́ wa, òjò gba èyí tó kù. Mo ní ìkẹfà yóò parí rẹ̀."

"Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn," ni Tíṣà Hezekiah fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ.

Màdáàmù Rachel kọjú sí Màmúdù. "Bàbá, bí télọ̀ mẹ́ta bá ń rán bùbá kan, tí ẹnikẹ́ni kò bi ẹnì kejì ní ohun tó rán, báwo ni bùbá náà yóò ṣe rí?"

"Yóò ní apá mẹ́ta," ni Màmúdù dáhùn, "kò sì ní lọ́rùn."

"Ohun tí a rán fún àwọn ọmọ wọ̀nyí nìyẹn. Kò sí ọ̀lẹ nínú yín, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kì í bá ara yín sọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tó dùn, gbogbo yín ń kọ́ ọ. Èyí tó le, ẹ ń tì í síra yín. Ẹ̀kọ́ kíláàsì kan ló yẹ kó gbé ọmọ wọ kíláàsì kejì. Bí ilé ìwé bá ṣíwọ́ lónìí, a ó jókòó pọ̀."

Wọ́n jókòó lóòótọ́. Olúkúlùkù sọ ohun tó ń kọ́ àti ibi tó máa ń dúró. Wọ́n fi ẹ̀wà sílẹ̀ fún ìkẹrin. Ibẹ̀ ni ìjà wà.

"Ẹ̀wà ni ayọ̀ mi!" ni Tíṣà Comfort wí.

"A ó fún yín ní ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró," ni Màdáàmù ṣìpẹ̀ fún un.

"Ìyẹn kì í hù lójú fèrèsé!"

Ṣùgbọ́n ó gbà. Tíṣà Hezekiah, tí ìṣirò mọ́ lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìkẹfà ní ìdá láràárọ̀, Tíṣà Comfort a sì lọ bá a kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà. Wọ́n tún fẹnu kò pé bí ọdún bá ń parí, olùkọ́ yóò sọ fún ẹni tó ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ibi tí mo dé nìyí. Èyí tó kù nìyí."

Ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, Muslimat sáré wọlé. Ó ti yege! Màmúdù ra búrẹ́dì, ó sì gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Muslimat gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba, ó pín in kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bàbá àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú oríire o! Mo gbọ́ òórùn búrẹ́dì!"

Ojú Muslimat là. "Bàbá àgbà, ẹ tètè máa jẹ ẹ́! Bí Màmá oníbọ́tìnnì bá wọlé, ó di ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn, tiwa á sì kéré sí i!"

Màmúdù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà. Lẹ́yìn náà ni ó pín tirẹ̀ sí méjì, ó sì pe Èjìdé wọlé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn kíláàsì yín mọ́ra yín. Kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ náà ṣáájú yín àti ẹni tí yóò gbà wọ́n lẹ́yìn yín. Bí ẹ̀kọ́ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ sọ ọ́ síta, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ máa bi àwọn ọmọ yín ní ohun tí wọ́n ń kọ́, kí ẹ sì fi wé ti èṣí. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ má pe ọmọ ní olódo, ẹ má sì lọ bá olùkọ́ jà. Ẹ lọ béèrè pẹ̀lú sùúrù. Olùkọ́ lè pọ̀, kíláàsì lè pọ̀, ọmọ kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá.