Ta Ló Ń Jẹ́ Rímisá?

Ọkùnrin náà jókòó sáàárín àwọn páálí ẹja, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká orúnkún mọ́ àyà. Ó ti kú. Yìnyín ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ti ya, nítorí ó ti ha ilẹ̀kùn títí agbára rẹ̀ fi pin.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n rí i, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣí yàrá yìnyín kẹta ní ilé-iṣẹ́ ẹja kan tó wà láàárín Ìkẹjà sí Agége. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kò sí fóònù lára rẹ̀, kò sí káàdì kankan. Kí oòrùn tó mú, àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ti pinnu pé olè ẹja ni. Wọ́n sì ti ju Sànní, mègáàdì tó yẹ kó wà ní géètì lọ́jọ́ Àìkú, sí àtìmọ́lé pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún olè.

Ẹ̀yìn wọn ni Oyèníkẹ́ dé. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ọmọ Èkìtì, obìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó lóṣòó ti òkú náà, ó sì rí nǹkan méjì.

Èkíní ni kóòtù òtútù tí ọkùnrin náà wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kóòtù búlúù tó máa ń so kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ti òkú yìí funfun. Wọ́n sọ fún un pé kóòtù àlejò nìyẹn, ọ́fíìsì súpáfáísọ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Olè wo ló máa gba ọ́fíìsì lọ wọ kóòtù àlejò kó tó jalè?

Èkejì wà ní apá. Nígbà tí wọ́n ká ọwọ́ kóòtù náà sókè, wọ́n rí lẹ́tà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín sí awọ ara: RIMISA.

Ẹnìkan ní orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ni. Òmíràn ní èdè Lárúbáwá ni. Oyèníkẹ́ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ó yí sí ilẹ̀kùn. Yàrá yìnyín kì í há èèyàn mọ́nú lásán. Kókó irin kan máa ń wà nínú, ẹni tó bá ti tì í, ilẹ̀kùn á ṣí. Ní ti yàrá kẹta, ihò lásán ló kù.

“Èmi ni mo tú kókó náà,” ni Fọlábí wí. Òun ni ẹlẹ́rọ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan. “Ó ti bàjẹ́. Mo sọ fún Ọ̀gá Músá lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ títí n ó fi rí òmíràn rà.”

“Ta ló tún gbọ́?”

“Àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀, mà.”

Ọ̀gá Músá ni súpáfáísọ̀. Músá Làsísì ló pe ara rẹ̀. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní Fọlábí kò sọ nǹkan kan fún òun. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà, ó sì ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi lé lórí. Ní ti kóòtù funfun, ó ní àgádágodo ọ́fíìsì òun ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú, ibà ló dá òun dùbúlẹ̀ nílé, ìyàwó òun sì ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ní àtìmọ́lé, Sànní kọ́kọ́ búra pé òun kò kúrò ní géètì. Oyèníkẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà sorí kọ́. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Orílé Agége. Ó ti géètì, ó yọ́ lọ. Gbogbo ibi iṣẹ́ ló pè, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìkómọ wà. Ó ní bí òun bá jẹ́wọ́ pé òun fi géètì sílẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

“Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ géètì?”

“Ọ̀gá Músá, àti Fọlábí tó ń tan jẹnẹrétọ̀.”

“Àwọn méjèèjì wá síbi ìkómọ?”

“Fọlábí wá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Ọ̀gá Músá fi ẹ̀bùn rán an sí mi.”

Ó wá di pé ilẹ̀kùn kan náà ló tì mọ́ àwọn mẹ́ta. Sànní ló fi géètì sílẹ̀. Fọlábí ló tú kókó. Músá ló ni ọ́fíìsì tí kóòtù ti jáde. Fọlábí ní ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kò tètè tú, àwọn ará ìjọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba ẹ̀rí ọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ikú?

Oyèníkẹ́ padà sí ilé-iṣẹ́ ẹja lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó ní kí wọ́n ti òun mọ́ yàrá kẹta.

Ilẹ̀kùn pa dé. Òkùnkùn bò ó. Òtútù kò wọlé díẹ̀díẹ̀ bó ṣe rò, ńṣe ló gbá a lójú bí ẹni gbáni létí. Ó na ọwọ́ wá kókó, ihò ni ọwọ́ rẹ̀ bá. Ó lu ilẹ̀kùn. Ó pariwo. Ohùn rẹ̀ padà sí etí òun fúnra rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ sì gbé e mì. Ó mọ̀ dájú pé Fọlábí wà níta, pé yóò ṣí i láìpẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá ibi tí yóò sá gbà. Ó ronú nípa ọkùnrin tí kò ní ẹnikẹ́ni níta.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, Ọ̀gá Músá ló gbé tíì gbígbóná fún un. Ó fa àga fún un, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tù ú nínú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí wọ́n ti èèyàn mọ́ ibì kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo wà lọ́mọ ilé-ìwé nígbà tí bàbá mi tì mí mọ́ inú àká àgbàdo nítorí pé mo sálọ wo bọ́ọ̀lù. Títí dòní, bí wọ́n bá tilẹ̀kùn lé mi lórí, àyà mi á já.”

Oyèníkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu tíì náà tán.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ó ní kí Oyèníkẹ́ gbé Sànní lọ sílé-ẹjọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyàwó mègáàdì náà sì wà lẹ́nu géètì àgọ́ lójoojúmọ́, ìkókó lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí Oyèníkẹ́ bá gbà jáde, ojú obìnrin yẹn ló ń bá pàdé.

Ó bẹ ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìkẹjà pé kí wọ́n bi àwọn olùgbọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló mọ ẹni tó ń jẹ́ Rímisá? Ká ní Ṣẹ́gun ni wọ́n kéde ni, gbogbo Èkó ni ìbá pè. Ẹnìkan péré ló pè lórí èyí.

Ìyá àgbà aránṣọ kan ní Agége ni, Sùlíyá lorúkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Oyèníkẹ́ lọ bá a nílé.

“Orúkọ náà kò pé báyẹn,” ni ìyá wí. “Bàbárímisá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bí i. Àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Wọ́n gbé e hàn án, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Bàbá rí mi, ó sá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.”

Oyèníkẹ́ bi í bóyá orúkọ náà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá mi orí. Ó ní ní gbogbo ayé òun, ẹlòmíràn kan péré lòun fojú rí tó jẹ́ ẹ, bàbá arúgbó kan tó ti kú tipẹ́. Lóde òní, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Rẹ̀milẹ́kún ni wọn yóò sọ ọmọ, wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ orúkọ tí yóò máa lé ọmọ kiri.

“Kò sẹ́ni tó ń yan orúkọ yẹn fún ọmọ,” ló wí. “Ikú ló ń fi í sọni.”

Ó sọ ìyókù. Rímisá gba ọ̀nà Líbíà lọ. Kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó fín orúkọ sí apá, kí ẹni tó bá rí òkú rẹ̀ létí òkun lè mọ ohun tí yóò pè é. Ọkọ̀ náà dànù. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ó ti lọ. Àṣé ẹ̀wọ̀n ló wà. Kò tíì pẹ́ tó padà dé. Lọ́dún Iléyá, kó tó dé, ìyá ti gbọ́ orúkọ náà lórí rédíò, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ti ń kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún Rímisá, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ẹni tóun fi àpò ìwé-ẹ̀rí òun sí lọ́wọ́ kóun tó rìnrìn àjò, òun á wá a rí. Ọjọ́ Àìkú ló jáde nílé.

Ìyá gbójú sókè. “Ṣé ẹ ti rí i?”

Oyèníkẹ́ sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ilé ìgbókùúsí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìyá ń tún sọ: “Èmi ni mo sọ fún un.”

Nínú ọkọ̀, Oyèníkẹ́ ń pe orúkọ náà sínú. Bàbárímisá. Rímisá. Misá. Músá.

Ó pe olú ilé-iṣẹ́ ẹja náà, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe súpáfáísọ̀ wá sí àgọ́. Ìyá Sùlíyá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i.

“Olú ilé-iṣẹ́ yín ní Bàbárímisá Làsísì ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí tí ẹ fi gba iṣẹ́,” ni Oyèníkẹ́ wí. “Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ di Músá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yìí nìyẹn, ọkùnrin tó kú sínú yàrá yín.”

“Orúkọ méjì lè jọra.”

“Ṣẹ́gun lè jọ Ṣẹ́gun. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Báwo ni ẹ ṣe jẹ́ ẹ?”

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Bàbá mi kú kí wọ́n tó sọ mí lórúkọ.”

“Ta ló wá tì ọ́ mọ́ inú àká àgbàdo?”

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé, ṣùgbọ́n ìyá ló jókòó síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn,” ni ìyá wí, “kì í mọ ohùn bàbá rẹ̀.”

Nígbà náà ni ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Dàwódù lorúkọ rẹ̀. Yàrá kan náà lòun àti Rímisá jọ ń gbé nígbà èwe. Òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò, Rímisá yege. Nígbà tí ìròyìn dé pé ọkọ̀ ojú omi dànù, ó tú àpò náà, ó mú ìwé-ẹ̀rí, ó ní òkú kì í béèrè orúkọ. Ó fi ríṣẹ́. Ó fi gbéyàwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Làsísì.

“Kò bá mi jà,” ni Dàwódù wí. “Ó kàn ní kí n bọ́ orúkọ òun sílẹ̀. Mo wò ó pé bí mo bá bọ́ ọ, kí ló kù lára mi? Ká ní orúkọ tó wọ́pọ̀ ni mo mú, ta ni ì bá wá mi rí?”

Ó ti mọ̀ pé géètì yóò ṣófo lọ́jọ́ ìkómọ, ìyẹn ló fi dá ọjọ́ náà fún un. Ó gba fóònù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi í sórí iná. Ó wọ kóòtù àlejò fún un. Ó ní kó wá ṣa ẹja tí yóò mú lọ fún Ìyá Sùlíyá. Bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá rí òkú, olè ni wọn yóò pè é, Fọlábí tó tú kókó ni wọn yóò sì bá wí.

“Ṣé o dúró?” ni Oyèníkẹ́ bi í.

“Mo dúró. Mo fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Mo ń rò pé n ó ṣí i.”

Ìyá Sùlíyá dìde, ó jáde láì wẹ̀yìn.

Ọjọ́ náà ni Sànní lọ sílé. Wọ́n sin Rímisá ní Agége, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni lèmọ́mù sì pè.

Ní ọjọ́ tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ dìde, ó pe Dàwódù. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é. Ọkùnrin náà jókòó láàárín àwọn wọ́dà, ojú rẹ̀ wà níwájú, ó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Wọ́dà kan fọwọ́ kàn án léjìká. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wo ẹni tí wọ́n ń pè, kó tó rántí, kó tó dìde.