Igba Ènìyàn Ó Lé Mẹ́rìnlá

Ìjà la fi pàdé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rín ni Ridwanullah kọ́kọ́ rí lójú mi, irọ́ gbáà ló pa.

Oṣù kìíní ọdún 2003 ni. Mo ń ṣiṣẹ́ ní káfè kan ní Phibsborough, ní Dublin, níbi táwọn èèyàn ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọkùnrin gíga kan wọlé lọ́sàn-án, ó jókòó sídìí kọ̀ńpútà kẹrin, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà láìdúró. Ojú ìwé méjìlélógójì. Nígbà tó dé ìkẹtàdínlógún, bébà há. Àwọn tó tò sẹ́yìn wá ń pòṣé sí èmi, wọn ò pòṣé sí òun.

Mo fa bébà náà yọ, mo wò ó. Àwòrán ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi rúlà pín bí ìwé ìṣirò ọmọ ilé-ìwé. Kò sí òkè kankan. Odò kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó máa ń gbẹ lóṣù kẹjọ.

Mo bi í pé kí ló ń tẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí. Ó ní Wendel County ni, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní Amẹ́ríkà. Ó ní dókítà ẹranko lòun, Ìbàdàn lòun ti kàwé, àmọ́ láti ìgbà tóun ti dé Dublin, páálí lòun ń kó nílé ìkẹ́rùsí. Òun ti wá yege ìdánwò àwọn ará Amẹ́ríkà báyìí, káńtì yẹn, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, sì ń wá dókítà ẹranko.

Mo ṣí ojú ìwé kejì. Wọ́n to iye èèyàn ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 1920, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ní 1940, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ní ọdún 2000, wọn ò pé ẹgbẹ̀rún méjì mọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gbogbo Dublin. Màlúù ibẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.

"Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń sá kúrò lẹ fẹ́ lọ," mo sọ fún un, "lẹ wá ń fi bébà mi ṣòfò lé lórí."

"Àwọn tó kù níbẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Àbí torí pé àwọn yòókù lọ, kí màlúù tiwọn máa kú?"

Inú bí mi pé ìdáhùn náà dáa. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé odindi páálí bébà tuntun wá, ó gbé e sórí káńtà, ó kí mi, ó sì jáde. Ìyẹn tún bí mi nínú, torí mi ò ráyè sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ dè é.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó di pé a jọ ń mu tíì. Ó di pé lọ́jọ́ Sunday, a jọ ń rìn lọ sí Phoenix Park láti wo àgbọ̀nrín. Ó máa ń dúró lókèèrè, á fi èyí tó ń tiro hàn mí, àti èyí tó lóyún. Bó ṣe ń wo ẹranko náà ló ń wo èmi, jẹ́jẹ́, láìkánjú. Ó béèrè oríkì mi, mo ní Àníkẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Karimot mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Orí mi máa ń wú tó bá pe orúkọ yẹn.

Lóṣù kẹfà, nínú pápá yẹn náà, ó bi mí bóyá màá fẹ́ òun, tí a ó sì jọ lọ sí Wendel. Mo ní mo gbà, kí n tó rántí pé mo ní bàbá.

Bàbá mi, Alhaji Shehu, ń wa takisí. Hartstown la ń gbé. Nígbà tí Ridwanullah dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, ó kọ́kọ́ ní kò burú. Ó ránṣẹ́ sí Ìwó, níbi tí wọ́n ti bí ọmọkùnrin náà, láti wádìí ìdílé rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwádìí dé, ó sì mọ́: kò sí olè, kò sí wèrè, ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn ín. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

"Ó ku ìlú kejì," bàbá mi ní.

Ridwanullah rẹ́rìn-ín. Ó ní Alhaji, kò sí Yorùbá kankan ní Wendel tí a lè bi léèrè. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"O ń rẹ́rìn-ín," bàbá mi ní. "Gbogbo ayé ló ń wọ́ wá sí Dublin. Kireni kún ojú ọ̀run, wọ́n ń kọ́lé bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ tán. Ìwọ wá fẹ́ mú ọmọ mi kúrò níbi táwọn èèyàn ń bọ̀, lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ. O ò sì fẹ́ kí n béèrè ohun tó ń lé wọn."

Ìyá mi fi tirẹ̀ kún un. Ó bi í pé mọ́sálásí tó sún mọ́ ibẹ̀ jù dà, pé bí mo bá bímọ, ta ni yóò bá mi wẹ̀ ẹ́. Ridwanullah ní mọ́sálásí jìnnà. Bàbá mi gba ojú ìwé méjèèjìlélógójì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kà á nínú takisí bó bá ń dúró de èrò, ó sì ń fi báírò pupa fàlà sídìí ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù kẹjọ, lẹ́yìn ìrun, bàbá mi yà ní Moore Street, ó ra káàdì tí wọ́n fi ń pe òkè òkun. Nọ́ńbà ọ́fíìsì káńtì náà wà lójú ìwé ogójì. Ó gbé fóònù sáàárín pálọ̀, ó ní kí n máa túmọ̀, pé bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń sọ̀rọ̀ kì í yé òun. Ridwanullah kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni wọ́n ní kó wá.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló gbé e. Dorcas lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé káńtì ni. Bàbá mi kí i dáadáa, ó kí àwọn ará ilé rẹ̀, ó kí àwọn màlúù. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé ta ló tẹ ìlú náà dó.

Dorcas ní àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Ireland ni, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ lẹ́yìn 1880. Ó ní láti Mayo ni baba ńlá òun ti wá, ebi ló lé e.

"Bi í, ta ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé?"

Dorcas ní àwọn Pawnee ni, ẹ̀yà kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní wọ́n lé wọn lọ ni, òun ò sì ní pe ìyẹn lórúkọ míì. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó béèrè ohun tó wá ń lé àwọn tó gba ilẹ̀ náà. Dorcas ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọ̀dá dá, atẹ́gùn gbé erùpẹ̀ oko dànù, oòrùn ò ṣeé rí lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn ìyẹn, katakata ńlá dé, ẹnì kan ń ro oko èèyàn mẹ́wàá. Ọkọ̀ ojú irin ò wá mọ́. Wọ́n ti ti ilé-ìwé girama wọn pa lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

"Obìnrin yìí kì í purọ́," bàbá mi ní. Mo rí i pé ó ti ń fẹ́ràn ìlú náà.

Ó wá béèrè ohun tó ṣe dókítà ẹranko tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Dorcas ní mẹ́ta ló ti lọ láàárín ọdún mẹ́fà, àpọ́n sì ni gbogbo wọn. Atẹ́gùn àti ìdánìkanwà ló lé wọn. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi pinnu pé ẹni tó bá níyàwó nìkan làwọn máa gbà.

"Inú wa dùn sí Dókítà Ridwan gan-an," ó ní. "Ṣé ìwọ ni Karimot, ìyàwó rẹ̀? A ti kà yín mọ́ wa o. Igba ó lé méjìlá là ń jẹ́ lábúlé wa níbí. A ti tún iye èèyàn tó wà lára bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà ìlú kọ: igba ó lé mẹ́rìnlá."

Mo bi í pé ìgbà wo ni Dókítà kọ orúkọ mi fún wọn. Ó lọ wo fáìlì, ó padà dé, ó ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Oṣù kẹta. Lóṣù kẹta, tíì la ṣì jọ ń mu. Kò tíì bi mí ní nǹkan kan.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Mo ti wádìí ìlú náà," ó ní. "Àbùkù tiwọn, wọ́n sọ ọ́ síta. Ẹni tó fẹ́ mú ọ lọ síbẹ̀ ni kò mọ́."

Ìgbà yẹn ni Ridwanullah wọlé, ó gbé bàrà dání fún ìyá mi. Mi ò jẹ́ kó gbé e kalẹ̀.

"Ṣé ìyàwó lò ń wá," mo bi í, "àbí ìwé ẹ̀rí?"

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ohun tó wà lọ́kàn òun lòun kọ. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí bébà há, Àníkẹ́."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Ìwọ mọ̀. Èmi ńkọ́? Ta ló bi mí? Àwọn ará Nebraska mọ̀ pé mo lọ́kọ kí èmi tó mọ̀."

"Tí mo bá kọ pé àpọ́n ni mí, wọn ò ní gbà mí."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Ó wo bàbá mi, bàbá mi na fóònù sí i. Kò bú u, kò pariwo. Ó kàn ní kó pe obìnrin yẹn padà, kó sì sọ fún un pé kò níyàwó. Ridwanullah pè é lójú gbogbo wa, bàrà ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní irọ́ lòun pa. Ìgbìmọ̀ Wendel bínú, wọ́n sì jàre. Àmọ́ àkókò tí màlúù máa bímọ ń bọ̀, wọn ò sì rí ẹlòmíì, wọ́n ní kó wá fún ọdún kan péré. Ó lọ lóṣù kẹsàn-án. Mi ò sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo sá sí, mo sunkún níbẹ̀, mo sì ń bínú pé mò ń sunkún. Wọ́n ní ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni. Èmi ò tiẹ̀ wá mọ èyí tí mo mọ̀ mọ́.

Lóṣù kọkànlá, fọ́tò kan dé. Bọ́ọ̀dù ẹ̀bá ọ̀nà ni, koríko pupa lẹ́yìn rẹ̀ títí lọ. Wọ́n ti fi ọ̀dà pa nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn rẹ́, wọ́n sì tún un kọ: igba ó lé mẹ́tàlá. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn pé Dorcas ní kóun fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ìyàwó ṣì lè wá. "Mo ní rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo jẹ́. Èmi ni mo gun àkàbà lọ tún un kọ."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ̀wé. Ó ń sọ̀rọ̀ atẹ́gùn, ó ń sọ̀rọ̀ màlúù tó bí ìbejì nínú yìnyín. Kò bi mí ní ohunkóhun rí. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, torí mo ń retí kó béèrè, kí n lè ní mi ò ṣe.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ó dé. Òun àti àgbàlagbà kan láti mọ́sálásí ló wá sí Hartstown. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde, ọdún márùn-ún ni tọ̀tẹ̀ yìí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ibi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ ìyàwó, òfìfo ni.

"Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀," ó ní. "Wọ́n ti mọ̀ pé àpọ́n ni mí, wọ́n sì ti ní kí n dúró. Mi ò wá torí iṣẹ́."

"Karimot," bàbá mi ní, "ọ̀rọ̀ rẹ rèé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ kí fọ́ọ̀mù yẹn wà lórí tábìlì. A ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó padà, mo pè é, mo ní mo ti ṣe tán, àmọ́ mo ṣì ń bínú.

"Máa bínú lọ," ó ní. "Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìbínú rẹ máa gba ibẹ̀, Àníkẹ́."

Lọ́jọ́ yìgì wa, Alfa bi mí níwájú gbogbo èèyàn ohun tí mo fẹ́ gbà ní sọ̀dáàkì, pé ẹ̀tọ́ mi ni, èmi fúnra mi ni kí n dárúkọ rẹ̀. Àwọn ìyàwó tó ṣíwájú mi dárúkọ wúrà, àwọn míì Kùránì.

"Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà dúdú kan," mo ní, "àti búrọ́ọ̀ṣì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alfa rò pé òun ò gbọ́ dáadáa, ó tún béèrè. Ridwanullah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, omi ti gba ojú rẹ̀.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù yẹn," mo ní. "Bí mo bá dé ibẹ̀, tí mo rí atẹ́gùn náà, tó sì tẹ́ mi lọ́rùn, èmi ni màá gun àkàbà, èmi ni màá kọ ọ́."

Alfa yíjú sí bàbá mi bóyá yóò bá mi wí. Bàbá mi tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́," ó ní.