Orin Àǹtí Eunice

Èéfín ń ta Juliet lójú bó ṣe ń yí púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín yan tà, lórí àjà ìdáná. Ikọ́ tún ti gbé Àǹtí Eunice, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ ní Òkìtìpupa. Ó wúkọ́ títí ó fi jókòó sórí àpótí.

"Dókítà ní kí n jìnnà sí èéfín," ó ní. "Tí àwo orin mi bá ti tà níbi ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, Juliet, mo bọ́ lọ́wọ́ iná nìyẹn. Orin ni màá máa kọ jẹun."

Orin mẹ́fà ló wà nínú àwo náà, ọdún méjì gbáko ló sì fi ṣe é. Orí fóònù Juliet ló fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí, nítorí òun ló fọkàn tán jù.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, Dèjì tó ń tẹ dùùrù ní kí Juliet jẹ́ kí àwọn gbọ́ orin tuntun náà. Juliet kọ̀.

"Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ẹ̀mí pamọ́ nínú ìjọ yìí?" Dèjì bi í. "Tí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan tó kọrin, ṣebí gbogbo wa la jọ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀?"

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú Juliet sì dùn pé òun ni gbogbo ọ̀dọ́ ń wò. Ó fi orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sórí wáásáàpù wọn. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé ìlú Iyansan, ó ti dé Àjàgbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìjọ kún dẹ́nu. Àǹtí Eunice wọ sùtánà tuntun, ó to àwọn àwo náà sórí tábìlì, ó gbóhùn sókè. Kò tíì dé ìlà kejì tí gbogbo ìjọ ti gbè é. Wọ́n mọ ẹsẹ kejì. Wọ́n mọ ẹsẹ kẹta, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àǹtí dákẹ́ lójijì. Ó wo tábìlì, ó wo Juliet.

Àwo mẹ́rin péré ló tà. "Ó ti wà lórí fóònù wa, Ìyá Akọrin," ni àwọn yòókù ń wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Nílé, Juliet kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé orin ẹ̀mí ni."

"Ẹ̀mí ló fún mi lóòótọ́," Àǹtí dáhùn jẹ́ẹ́. "Àmọ́ èmi ni mo dúró nínú èéfín kí n tó rí i ṣe. O ò tilẹ̀ bi mí."

Kò nà án, kò pariwo mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló dun Juliet jù. Nígbà tó di Mọ́ńdè, Àǹtí padà sídìí iná. Kí ọdún tó yí po, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí Juliet ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, orin náà ló ń dún lórí fóònù ọlọ́kadà tó gbé e.

"Ohùn obìnrin yìí dùn o," ọlọ́kadà ní. "Ta ni?"

"Àǹtí mi ni," Juliet dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti wá yé e pé iṣẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe tiwa láti pín fún ayé, bó ti wù kó rọrùn tó láti tẹ fóònù, àfi kí ẹni tó ṣe é fọwọ́ sí i.

Nígbà tó délé, Àǹtí Eunice gbójú sókè nínú èéfín, ó la ẹnu láti kí i káàbọ̀. Ohùn ò jáde. Ó juwọ́ sí i.