Oríkì tí a kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni

Ohun mẹ́rin ni ó bàjẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń kó kajú bọ̀ láti Ṣábẹ̀ kú sí ojú ọ̀nà ní Titirou, létí Pàràkú. Òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí nínú oṣù Ẹrẹ́nà ṣú, ó sì rọ̀. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi bo ẹrù ya sí méjì. Ẹ̀kẹrin ni pé Moyọ̀sọ́rẹ Oyèwọlé, tí ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin, tí kò sì lè rí ìwà àìtọ́ kí ó dákẹ́, pe ọkùnrin tí kò jalè ní olè.

Bí ó ṣe rí i nìyí. Ọkùnrin gíga kan, aláwọ̀ oyin, dúró lórí ẹrù láàárín òjò. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé àwọn àpò kajú lórí, òjò sì ń ṣàn láti irun rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni pé ara rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù olóko. Ìyẹn ni ó yẹ kí Moyọ̀sọ́rẹ kọ́kọ́ rí. Ọ̀bẹ tí ọkùnrin náà fi ń ya àpò kan ni ó rí. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tí ó gbé e, kò tilẹ̀ dúró gba ṣéńjì.

"Olè! Ẹ ra kajú àwọn àgbẹ̀ wa ní ọ̀pọ̀, kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún ń fi ọ̀bẹ ya àpò wọn!"

Ọkùnrin náà bojú wo ìsàlẹ̀. "Ẹ kú òjò, àǹtí," ó dáhùn ní Yorùbá tí ó mọ́ gaara. "Kajú inú àpò yìí ti tutù. Bí a kò bá tú u síta kí ó fẹ́ atẹ́gùn, yóò bu, àgbẹ̀ ni yóò sì jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ bá mi di etí àpò mú, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bú mi lọ."

Moyọ̀sọ́rẹ di etí àpò mú. Òjò kò yọ òun náà sílẹ̀.

"Ta ni ó kọ́ ọ pé kajú ni à ń pè é?" ó béèrè, nítorí ojú ń tì í, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìyá mi. Ní èdè Gujarati, ní ilẹ̀ Íńdíà, kajú náà ni à ń pè é. Ẹ̀yin, ta ni ó kọ́ yín?"

Moyọ̀sọ́rẹ rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó àwọn àpò náà sí. Bàbá Moyọ̀sọ́rẹ ni olùṣọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá Oyèwọlé ti kúrò ní Ṣábẹ̀ wá sí Pàràkú ní ọ̀dọ́, ìdí rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà ń gbé. Bí kajú bá wù ú jẹ, ọjà ni ó ti ń fi owó ara rẹ̀ rà á. Kò sí ẹni tí ó rí i kí ó mú ẹyọ kan jẹ nínú èyí tí ó ń ṣọ́. Bí ọkọ̀ bá dé, oúnjẹ rẹ̀ yóò tutù nílẹ̀ títí àpò ìkẹyìn yóò fi wọlé. Lọ́jọ́ náà, ó wo àlejò tí omi ń ro lára rẹ̀, ó ní, "Nàsárà yìí mọ iṣẹ́." Nàsárà ni wọ́n ń pe gbogbo òyìnbó ní Pàràkú. Kò béèrè orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Moyọ̀sọ́rẹ gba Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, lọ, sí àgbàlá Alájì Tàjùdíìnì oníṣòwò, níbi tí ọkùnrin náà ti háyà yàrá. Ó gbé wàgàṣì, wàrà Fúlàní, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín dání.

"Mo wá bẹ̀bẹ̀."

"Ta ni ẹ wá bẹ̀? Olè kò ní orúkọ ni?"

"Gbogbo ènìyàn ń pè ọ́ ní Nàsárà."

"Wọ́n ń pe ará Líbánì tí ó ń ta firíìjì ní Nàsárà. Wọ́n ń pe fadá ará Faransé ní Nàsárà. Bí ọmọdé kan bá pariwo rẹ̀ lọ́jà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni à ń yíjú." Ó gba wàgàṣì náà. "Hírẹ́nì ni orúkọ mi. Hírẹ́nì Kótárì."

Ọ̀rọ̀ náà dun Moyọ̀sọ́rẹ. Ìlú tí ó máa ń bínú bí àjèjì bá kó gbogbo wa pọ̀ sínú orúkọ kan ṣoṣo kò rí ohun tí ó burú nínú ṣíṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, Kótárì ni ó ń pè é.

Ìfẹ́ kò wọlé tọ̀ wọ́n wá pẹ̀lú ariwo. Ó wọlé bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń wọ Pàràkú: ọjọ́ kan ni ènìyàn kàn rí i pé gbogbo nǹkan ti yí àwọ̀ padà. Hírẹ́nì ni ó ń yẹ kajú wò fún ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń fọ́ ọ. Bí àgbẹ̀ bá gbé ẹrù dé, iwájú àgbẹ̀ náà ni ó ti ń la hóró, kí olóko lè fi ojú ara rẹ̀ rí èyí tí ó dára àti èyí tí ó bàjẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ tí ó ń gba ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ rò kò rí ẹjọ́ kankan bá a rò, ó sì ń pa dà wá wádìí síbẹ̀síbẹ̀.

"O tún wá wò bóyá mo jalè?"

"Mo wá wò bóyá o ti jẹun. Ọkùnrin tí kì í jẹ ẹran, tí kì í jẹ ẹja, kí ni ènìyàn yóò fi ṣe é lálejò?"

"Iyán, wàgàṣì, àti ojú rẹ. Ata ni kí o dín kù."

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Hírẹ́nì gbọ́ tí Bàbá Oyèwọlé ń pe ọmọ rẹ̀ láti inú ilé: "Àwẹ̀ró!" Ó gbìyànjú láti pè é bẹ́ẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Rárá o. Oríkì mi nìyẹn. Ẹnu bàbá mi ni ẹni tí yóò máa fi pè mí ti ń gba àṣẹ."

"Nígbà náà, n ó lọ gba àṣẹ."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Moyọ̀sọ́rẹ kúnlẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀ pé Hírẹ́nì ni òun yóò fẹ́, àgbàlagbà náà mi orí.

"N kò kórìíra rẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bí ọmọ, tí ọmọ náà ń sunkún láàárọ̀, kí ni n ó fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Oríkì ìdílé bàbá ni a fi ń jí ọmọ nílé yìí. Ṣé kí n máa wí pé, 'Ọmọ Nàsárà, pẹ̀lẹ́'?"

"Bàbá, kò sí ẹni tí kò ní orírun."

"Kí ó ki orírun tirẹ̀ kí a gbọ́. Ẹni tí n kò lè kì, n kò lè fi ọmọ fún un."

Àwọn àgbà méjì ni wọ́n gbìyànjú láti ṣàánú, àánú náà ni ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ilé Oyèwọlé, bí àwọn ará ọkọ bá wá tọrọ ìyàwó, obìnrin tí ó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ki oríkì ìdílé ọkọ. Ọkọ yóò dáhùn pé, "Èmi nìyẹn," kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Alájì Tàjùdíìnì ní, "Èmi ni bàbá rẹ̀ nílùú yìí. Ẹ fi tèmi kì í." Ìyá Ọmọ́yẹmí, aya ẹ̀gbọ́n Bàbá Oyèwọlé, gbà bẹ́ẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ mọ̀, ó sì dákẹ́, nítorí ó ń kánjú. Hírẹ́nì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, Ìyá Ọmọ́yẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ohùn sókè: "Ọmọ afi-ràkúnmí-ṣòwò! Ọmọ ẹlẹ́ṣin tí kì í fẹsẹ̀ tẹ yanrìn!" Ó kì títí. Gbogbo ilé ń dúró de èsì. Hírẹ́nì wo Alájì, ó wo Moyọ̀sọ́rẹ. Kò gbé ẹsẹ̀ wọlé.

"Kí ló dé tí o kò jẹ́?" Bàbá Oyèwọlé béèrè láti inú.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bàbá mi kò ní ràkúnmí. Bí mo bá jẹ́ ẹ, mo jí bàbá onílé mi gbé nìyẹn." Ó rọra wo Moyọ̀sọ́rẹ. "Wọ́n sì ti pè mí ní olè rí nílùú yìí. N kò fẹ́ kí ó di òótọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, kò sí ẹni tí ó bá a rín in. Ìyá Ọmọ́yẹmí ká ìborùn rẹ̀, ó wọlé. Bàbá Oyèwọlé ní kí àwọn àlejò máa lọ ní àlàáfíà.

Ìbínú gbé Moyọ̀sọ́rẹ dé Zongo. Ó bínú sí bàbá rẹ̀, ó bínú sí Alájì. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó sórí àga pákó nínú àgbàlá náà, ó rí i pé ara òun gan-an ni ó yẹ kí òun dá lẹ́jọ́.

"Mo ń pe orúkọ rẹ láti ọjọ́ yìí wá," ó ní, "n kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Kí ni Kótárì?"

Hírẹ́nì gbọn èjìká. "Orúkọ lásán ni. Ó wà lára ìsọ̀ ní Mòmbásà, ó wà lára ilé agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Kò sí orúkọ lásán. Pe ìyá àgbà rẹ."

Obìnrin arúgbó náà yọ lójú fóònù láti Rájkọ́tì ní Íńdíà, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Bí ó ti ń sọ ni Hírẹ́nì ń túmọ̀, ohùn Hírẹ́nì sì ń rẹlẹ̀ sí i, nítorí òun náà kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí. Kótà ni àwọn baba wọn ń pe àká, ilé tí a ń kó ọkà sí. Kótárì ni ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ: fún ọba, fún tẹ́ḿpìlì, fún ìlú. Oyè iṣẹ́ ni kí ó tó di orúkọ ìdílé. Nígbà tí iyọ̀ àti aṣọ di òwò, àwọn ọmọ alákàá wọ ọkọ̀ ojú omi tí atẹ́gùn ń tì, wọ́n dé Sánsíbà àti Mòmbásà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn dé Nàìróbì, wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di dókítà, di olùkọ́, wọn kò sì rí àká sójú mọ́, síbẹ̀ wọn kò sọ orúkọ náà nù.

"Ó ní nínú ìdílé tiwa," Hírẹ́nì parí rẹ̀, "òfin kan wà. Bí ìyàn bá mú, ìlú ni yóò kọ́kọ́ jẹun. Kótárì ni yóò jẹ kẹ́yìn."

Moyọ̀sọ́rẹ dìde kúrò lórí àga pákó. Abọ́ oúnjẹ bàbá rẹ̀ tí ó máa ń tutù nílẹ̀ ni ó wá sí i lọ́kàn.

Ìyá Ọmọ́yẹmí ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Moyọ̀sọ́rẹ bá a. "O tún dé? Ṣé oríkì ajá ni ọkọ rẹ fẹ́ báyìí?"

"Ìyá, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí a kò béèrè tẹ́lẹ̀." Ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọwọ́ arúgbó náà dúró nínú ẹ̀wà. "O ní ta ni ó ń jẹun kẹ́yìn?"

"Kótárì ni, Ìyá."

Ìyá Ọmọ́yẹmí wo ọ̀kánkán ilé ìkẹ́rùsí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mú un wá. Kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Má sọ fún bàbá rẹ."

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, Bàbá Oyèwọlé jókòó nínú àgbàlá, kọ́kọ́rọ́ ní ìdí, nígbà tí ohùn dún lẹ́nu ọ̀nà:

"Kótárì, ọmọ a-so-kọ́kọ́rọ́-mọ́dìí,
Ọmọ a-ṣọ́-àká-má-bù-ú-jẹ.
Ìyàn mú, ìlú ń ké,
Baba yín ṣílẹ̀kùn, ó ní kí aláìní kọ́kọ́ wọlé.
Àlejò jẹ, onílé jẹ, ẹyẹ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀,
Kótárì ló kẹ́yìn ìlú fọwọ́ bọ abọ́.
Ọmọ ar'ókun-r'ọ̀sà tí kò sọ orúkọ sómi:
Ó dé Mòmbásà, Kótárì ni.
Ó dé Lọ́ńdọ̀nù, Kótárì ni.
Ó dé Pàràkú lọ́jọ́ òjò,
Ó bọ́ aṣọ àrán lọ́rùn, ó fi bo kajú olóko!"

"Èmi nìyẹn," Hírẹ́nì dáhùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Bàbá Oyèwọlé ti di kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ mú láìmọ̀. "Ṣé òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀?" ó béèrè jẹ́jẹ́. "Ẹ kò fi iyọ̀ sí i?"

"Iyọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀wù òjò ọlọ́rà ni mo bọ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àrán. Ìyókù, òtítọ́ ni."

"Ta ní í fi ọ̀rá ki ènìyàn!" Ìyá Ọmọ́yẹmí kígbe.

Ní àkókò yìí, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèwọlé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù. Ọkùnrin tí kò gba ràkúnmí tí kì í ṣe tirẹ̀ kò gba aṣọ àrán náà. Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbẹ̀, ó sì dúró níwájú àlejò náà.

"Kótárì," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí orúkọ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ alákàá, a ti kì ọ́, o sì ti jẹ́. Ọmọ tèmi náà ní oríkì, èmi ni mo sì ń fi jí i láàárọ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i. Mo ti ń darúgbó, kò sì yẹ kí ohun tí mo ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá ṣòfò. Ó dúró níwájú rẹ. Pè é, kí n gbọ́."