Ìwé Tí Ralitsa Fọwọ́ Sí

Ralitsa fọwọ́ sí ìwé ní orúkọ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni. Ìyá rẹ̀, Nevena, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan létí odò Danube. Ó wà ní ìsinmi ọlọ́sẹ̀ méjì, ó sì ti lọ gbin ata lóko ìyá tirẹ̀. Agbélẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìyá ẹ dà?"

"Wọ́n lọ sóko, bàbá."

"Jọ̀ọ́, bá wọn fọwọ́ sí i. Orúkọ tiwọn ni kó o kọ o. Àjà kẹrin! Tí mo bá tún gun àtẹ̀gùn yìí lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa sin mí."

Ralitsa já lẹ́tà náà. Wọ́n ti lé Nevena lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ó kọ̀wé sí ìjọba pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n ń di ogójì aláìsàn rù. Ijó ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Ralitsa ku ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ìyá rẹ̀ bá rí lẹ́tà yìí, aṣọ ijó yóò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ ijó, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ń pariwo ka ení títí dé èjìlá, bí gbogbo ọmọ tó parí kíláàsì kejìlá ti máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé lẹ́tà fún ìyá rẹ̀.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Àná, màámi. Nígbà tí ẹ lọ ra òdòdó."

Oṣù méjì ni òfin fún ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ láti pẹjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí Nevena pẹjọ́, ó ku ọjọ́ márùn-ún, bí òun ṣe kà á.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn na káàdì agbélẹ́tà, èyí tí Ralitsa fọwọ́ sí, sókè. "Olúwa mi, ọjọ́ Ajé tó wà lórí káàdì yìí ni olùpẹjọ́ gba lẹ́tà. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́fà pẹ́."

Adájọ́ ní kí wọ́n fi han Nevena. "Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i? Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ẹ wí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, a ó sì wádìí ẹni náà."

Nevena wo káàdì náà pẹ́. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ralitsa jókòó sí.

"Èmi ni," Nevena wí.

Kóòtù da ẹjọ́ náà nù. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ ogójì aláìsàn.

Níta, Ralitsa di ìyá rẹ̀ lápá mú. "Màámi, ẹ jẹ́ n padà wọlé lọ sọ òótọ́."

"Kí wọ́n wá mú ìwọ náà? Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá fọwọ́ ara mi rán aṣọ fún ẹ."

Ralitsa mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó fi òtítọ́ pamọ́ nítorí ayọ̀ ọjọ́ kan kì í nìkan jìyà rẹ̀. Kò sí ilé ìwòsàn tó gba Nevena síṣẹ́ nílùú náà. Ní oṣù kẹwàá, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ítálì láti máa wẹ arúgbó kan tí kò mọ̀ rí. Kò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́.